Iná Tí Kì Í Se Nǹkan Jinná

Ooru oṣù kẹrin ní Ouagadougou kọjá ohun tí à ń fẹnu sọ. Lọ́sàn-án, ó máa ń kọjá 40°C, omi ẹ̀rọ á sì gbóná débi pé ẹni tó fẹ́ wẹ̀ á kọ́kọ́ fa omi sí garawa, á gbé e síbòji, á dúró dè é. Ìgbà yẹn gan-an ni iná máa ń lọ jù, nítorí gbogbo ìlú ló ń tan fáànù lẹ́ẹ̀kan náà. Délestage ni wọ́n ń pè é níbí, kódà ọmọ tí kò gbọ́ Faransé kan mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó síwájú ilé Tàǹtí ní Samandin, tí mo ń wo ìgò bissap kan, omi ìṣápá, tó ń wú.

Ike omi lítà kan àbọ̀ ni, èyí tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán, tí Tàǹtí fọ̀, tó sì rọ bissap sí. Fíríìjì ti kú láti àná. Ìdí ike náà, tó yẹ kó tẹ́ kó lè dúró, ti yọ síta bí ìdodo ọmọ tuntun, gbogbo rẹ̀ sì ń mì lórí tábìlì. Tàǹtí yí ìdérí rẹ̀ díẹ̀. Ó dún fìììṣ, ìfóòfó pupa rú jáde, ó ṣàn gba ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó tọ́ ọ wò.

“Ó ti di ọtí.”

Ìgò mọ́kànlá ló dà sí gọ́tà níṣojú mi. Ó ń kà wọ́n bó ṣe ń dà wọ́n.

Samandin wà láàárín gbùngbùn Ouaga, kò jìnnà sí ààfin Mogho Naaba, ọba àwọn Mossi. Kì í ṣe àdúgbò Yorùbá, àmọ́ àárín ìlú yìí kò sí ibi tí èèyàn á ti wá Yorùbá tì. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń tajà ní Tamale ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló padà sílé. Àwọn kan gba apá òkè, wọ́n sọdá ẹnubodè Paga, wọ́n wọ ibi tí wọ́n ń pè ní Haute-Volta láyé ìgbà náà. Bàbá mi wà nínú wọn, àwọn òbí Tàǹtí náà sì wà níbẹ̀. Yorùbá Tàǹtí ṣì ni Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́, tí Mooré àti Faransé ti lọ́ mọ́ lára. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Tàǹtí. Ìyá ni èmi ń pè é.

Ohun mímu ni iṣẹ́ mi. Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń bá àwọn tó ń ṣe omi èso rìn, láti orí ẹni tó ń fi ìkòkò ẹyọ kan ṣe é títí dé orí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdégò. Nítorí náà, nígbà tí Tàǹtí nu ọwọ́ tán, orí mi ló sọ̀ sí.

“Ìwọ tí o lọ kàwé nítorí ohun mímu, kí lo lè ṣe sí èyí?”

“Ìyá, tí ẹ bá ti rọ ọ́ sínú ìgò gíláàsì tán, kì í ṣe ike, ẹ tún un gbé kaná. Ẹ ki ìgò náà sínú omi gbígbóná, 75 tàbí 80 dígírì, fún ìṣẹ́jú mélòó kan.”

“Mo ti sè é kí n tó rọ ọ́. Ṣé kí n tún un sè ni? Ìṣápá tí wọ́n sè lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ìwọ á mu ún?”

N kò fèsì. Èmi kì í mu ún. Ìṣápá tó pẹ́ lórí iná máa ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀, pupa á máa lọ sí àwọ̀ èédú tó rẹ̀, òórùn òdòdó inú rẹ̀ á bá ooru lọ, adùn rẹ̀ á wá dà bíi ti àgbo. Oníṣẹ́ bíi tèmi lè fi tíámómítà hàn pé kòkòrò ti kú, síbẹ̀ kó ti pa ohun mímu náà pẹ̀lú.

Ìgbà náà ni mo sọ fún un pé iná kan wà tó ń pa kòkòrò láìse nǹkan tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ó wò mí. Ní èdè wa, ọ̀kan náà ni iná igi, iná fìtílà àti iná wáyà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́.

“Iná tí kì í se nǹkan jinná? Iná wo nìyẹn?”

Champs électriques pulsés ni àwọn Faransé ń pè é. Èmi ń pè é ní iná àṣẹ́jú, nítorí kì í tàn dúró, ó kàn ń ṣẹ́jú ni. Ẹ ro ó pé omi èso ń ṣàn gba páìpù tóóró kan kọjá láàárín irin méjì tí kò jìnnà síra. Lẹ́yìn irin méjèèjì, ẹ̀rọ kan wà tó ń gba iná jọ bí ìkòkò ṣe ń gba ẹ̀kán omi lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Tó bá kún, á da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó dà yẹn lè tó 20,000 sí 40,000 fólítì lórí sẹ̀ǹtímítà kan, ṣùgbọ́n tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá mélòó kan péré nínú rẹ̀ ló máa lò. Kí omi èso tó mọ̀ pé iná dé, iná ti lọ. Á tún dé, á tún lọ.

Gbogbo ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú omi náà ló ní awọ fẹ́lẹ́ tó pààlà láàárín inú rẹ̀ àti ìta. Awọ yìí kì í jẹ́ kí iná kọjá, nítorí náà iná á kó jọ sójú rẹ̀ méjèèjì, á máa fún un mọ́ àárín. Tí ohun tó kó jọ bá ti tó nǹkan bíi fólítì kan, awọ á lu. Tí ihò náà bá kéré, á padà dí, kòkòrò á sì yè. Tó bá tóbi tàbí tó pọ̀, ohun inú á máa jò síta, ti ìta á máa wọlé, ó parí. Bí kòkòrò bá ṣe tóbi sí ni ohun tó ń kó jọ sí i lára ṣe ń pọ̀ sí, bí owó ìsọ̀ ọjà ṣe ń tẹ̀lé fífẹ̀ ìsọ̀. Ìwúkàrà fi ìlọ́po mélòó kan tóbi ju bakitéríà lọ, òun ló sì máa ń tètè kú. Ìwúkàrà yìí kan náà ló ti ìdí ike Tàǹtí síta.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ ju bí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ṣe máa ń sọ lọ. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń gba iná kọjá nínú mílíìkì ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ooru ni iná yẹn ń dá sílẹ̀. Sísè náà ni, wọ́n kàn fi wáyà rọ́pò igi ni. Doevenspeck, ẹnjiníà ará Jámánì, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iná àṣẹ́jú ní 1960. Ní 1967, Sale àti Hamilton tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Unilever ní England wá fi hàn gbangba pé kì í ṣe ooru ló ń pa kòkòrò nínú ọ̀ràn yìí, pé awọ ni iná ń bà jẹ́. Ó tó 1995 kí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, tó sọ pé àwọn kò lòdì sí i, ó sì di 2005 kí ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Oregon, Genesis Juice, tó gbé omi èso tí wọ́n fi ṣe dé ọjà. Ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá rí iṣẹ́ ṣe jù lónìí kò kan ohun mímu: ọ̀dùnkún ni. Àwọn tó ń gé e fún díndín máa ń fún un ní nǹkan bíi 1,000 fólítì lórí sẹ̀ǹtímítà kan kó lè rọ̀, kí ọ̀bẹ má baà fọ́ ọ. Ogójì ọdún ìwádìí lórí ikú kòkòrò, ọ̀dùnkún ló jẹ èrè rẹ̀.

Láàbù kan ní Jámánì ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi lo ẹ̀rọ náà. Bissap kọ́ ló gbé mi débẹ̀, dolo ni. Ẹni tó bá mọ bùrùkútù ti mọ dolo tán: ọtí ọkà bàbà tí àwọn ìyá ń pọn ní gbogbo Burkina, tí àwọn Mossi ń pè ní raam. Ìṣòro dolo ni pé kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Tí wọ́n bá pọn ọ́n tán lónìí, lónìí náà ni kí wọ́n tà á; lọ́la yóò ti kan, ọ̀tunla á di ọtí kíkan tí ẹnikẹ́ni kò ní rà. Mo ro ó pé tí iná bá lè pa ìwúkàrà inú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ láìsè é, a ti bọ́.

Mo gbé ọkà bàbà tí wọ́n ti mú hù dání láti Ouaga, mo pọn ọtí náà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ, tí mo fi ogún ọdún jù lọ, bi mí bóyá mo ti yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rò ó dáadáa, mo sì ti gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. A ṣí pọ́ǹpù.

Pà!

Bí ẹni fi òkúta fọ́ ẹkùrọ́ létí mi. Ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀. Nígbà tí a tú ibi tí omi ń gbà kọjá, ojú dúdú kan tó tó orí abẹ́rẹ́ wà lára irin tó ń dán, òórùn wáyà tó jóná sì gba gbogbo yàrá. Dolo ń ṣiṣẹ́ lọ nínú páìpù, ó ń bí afẹ́fẹ́ bí mo ṣe ń yọ ọ́. Afẹ́fẹ́ kò lè fara da irú iná yẹn bí omi ṣe ń fara dà á. Ẹyọ ìhó kan ṣoṣo tó bọ́ sáàárín irin méjèèjì ti di àlàfo tí mànàmáná gbà fò kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bá mi wí. Ó mú bébà oníyanrin, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ìka han ojú dúdú náà. Mo fi ìyókù ọ̀sán yẹn họ irin.

Bí dolo ṣe kúrò nínú àkọsílẹ̀ mi nìyẹn. Zoom-koom kò pẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun ni zom lédè Mooré, omi ni koom: omi ìyẹ̀fun, àbúrò kúnú, jéró tí wọ́n fi ata ilẹ̀ àti àjàgbọn sí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ooru ni, n kì í sì í fi ṣeré. Ṣùgbọ́n láti oko ni jéró ti ń bọ̀, àwọn kòkòrò bíi Bacillus cereus sì wà nínú erùpẹ̀ oko. Tí nǹkan bá le, ńṣe ni wọ́n máa ń ká ara wọn sínú èèpo líle kan, wọ́n á sùn bí irúgbìn koríko ṣe ń sùn nínú iyanrìn Sahel títí òjò fi máa rọ̀. Iná àṣẹ́jú kì í ráàyè lára ohun tó sùn báyìí. A lè pa gbogbo kòkòrò tó jí, kí àwọn tó sùn jí lẹ́yìn tí a bá ti dé ìgò, kí wọ́n bá ilé òfìfo, tí kò sí ẹni tó máa bá wọn du oúnjẹ. Ìyẹn burú ju kí a má fọwọ́ kàn án rárá lọ, àfi tí zoom-koom náà bá kan dáadáa. Tí pH rẹ̀, òǹkà tó ń lọ sílẹ̀ bí kíkan ṣe ń pọ̀ sí i, bá ti wà lókè 4.6, èmi kò ní fọwọ́ sí i fún ẹnikẹ́ni.

Bissap yàtọ̀. Kíkan rẹ̀ le gan-an, nǹkan bíi 2.5 ni pH rẹ̀. Irú Bacillus cereus tó sùn kò lè jí nínú rẹ̀. Kò ki, kò ní ìyẹ̀fun, kì í hó bí ìwúkàrà kò bá tíì gbà á. Ó sì ní ohun kan tí mo fojú ara mi rí, tí n kò rí i kí wọ́n fi polówó ẹ̀rọ. Iná kì í pa gbogbo kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ṣá àwọn kan lọ́gbẹ́ ni. Tí ẹni tó gbọgbẹ́ bá bọ́ sínú omi tí kò kan, á rọra dí ihò ara rẹ̀, lọ́la á máa bímọ. Tó bá bá ara rẹ̀ nínú omi ìṣápá, kíkan á gba ojú ọgbẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Mo gbin díẹ̀ nínú bissap náà sí àwo lọ́jọ́ tí mo lo iná, mo ka kòkòrò tó hù. Mo tún mú nínú ìgò kan náà, tó wà nínú fíríìjì látàná, mo gbìn ín lọ́jọ́ kejì. Ti ọjọ́ kejì kéré sí ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí n kò gba ara mi gbọ́. Látìgbà náà ni mo ti ń sọ pé iná ló ń ṣílẹ̀kùn, pé kíkan ló ń wọlé lọ ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa tó ń fi àjàgbọn sí kúnú ti mọ ẹni kejì tipẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ni àlejò.

“Iṣẹ́ tútù” ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń pè é. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti pa ìwúkàrà àti bakitéríà dáadáa, a lè ná nǹkan bíi 100 kílójúùlù lórí lítà kan. Ibẹ̀ náà ni agbára yẹn ń kú sí, á sì fi nǹkan bíi 24°C kún ooru omi náà. Ní Jámánì, omi èso wọlé ní 10°C, ó jáde ní 34°C, gbogbo èèyàn ní ó tutù. Ní Samandin ní oṣù kẹrin, á wọlé ní 35°C, á jáde ní 59°C. N kò lè fọwọ́ mú páìpù yẹn kí n wá pè é ní tútù fún Tàǹtí. Lóòótọ́ kì í pẹ́ nínú ooru náà, ooru díẹ̀ sì máa ń ran iná lọ́wọ́, nítorí awọ kòkòrò ti rọ̀. Ṣùgbọ́n kí adùn tó lè ṣẹ́kù, ohun tó máa mú un tutù gbọ́dọ̀ wà ní kété tó bá jáde, ìyẹn sì tún fẹ́ iná tirẹ̀.

Síbẹ̀ ìṣirò náà kò burú. Láti gbé lítà kan láti 35°C dé 95°C, ó lé ní 250 kílójúùlù tí omi máa gbà, orí ààrò olókùúta mẹ́ta sì máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú ooru igi ṣòfò. Ẹ̀rọ ló ń ná agbára tó kéré jù. Àmọ́ agbára igi, ẹ lè rà á ní ìdì kan lẹ́bàá ọ̀nà nígbàkúùgbà. Ti ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fún mi ní ìrètí ni pé ọ̀sán ni iṣẹ́ yìí lè jẹ́, ọ̀sán sì ni oòrùn wà. Ní Zagtouli, létí ìlú níbí, pápá agbára oòrùn tó ń mú 33 mẹ́gáwáàtì wá ti wà láti 2017.

Ohun tó gba ìrònú mi jù ni ibi tí a máa gbé ẹ̀rọ sí. Tàǹtí ń se ìṣápá rẹ̀ títí ó fi hó yaya. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, kò sí ìwúkàrà kankan nínú ìkòkò rẹ̀. Ibo ni èyí tó wú ìgò ti wá? Ìgbà tó tutù ni ó bu ṣúgà sí i, ó já ewé menthe tí wọ́n fi omi agbada kan fọ̀ sínú rẹ̀, ó fi aṣọ jọ̀ ọ́, ó fi àrọ rọ ọ́ sínú ike tó ti lọ yí ká ìlú. Ẹ̀rọ tí a bá gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kàn ń pa ohun tó ti kú ni. Ẹnu ìgò ni àyè rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ọwọ́, kí ìgò náà fúnra rẹ̀ sì mọ́. Ní 1996, omi ápù tí wọn kò sè pa ọmọ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ó sì dá ọ̀pọ̀ èèyàn dùbúlẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2001 ní kí ọ̀nà yòówù tí olómi-èso bá lò dín kòkòrò burúkú kù débi pé tí 100,000 bá wọlé, ẹyọ kan ni kó jáde. Iná àṣẹ́jú lè ṣe èyí nínú bissap. Ìsọfúnni yẹn dára lórí ìwé. Ẹ rántí pé ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wọ ẹ̀rọ nìkan.

Ìrìn àjò kejì sí Jámánì, ìṣápá ni mo gbé lọ. N kò sè é. Mo rẹ ẹ́ sínú omi tútù mọ́jú, nítorí tí iná bá máa pa kòkòrò fún wa, kí la tún ń sè é fún? Mo jọ̀ ọ́, mo fi ṣúgà sí i, mo gba ẹ̀rọ kọjá, mo rọ ọ́ sínú ìgò tí mo ti sè fúnra mi. Ìgò méjì ni mo gbé padà sí Ouaga nínú báàgì, mo fi aṣọ wé wọn. Ọ̀kan lọ sí láàbù fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí mo ṣe é, mo gbé èkejì láti inú fíríìjì lọ fún Tàǹtí.

Ó gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò ní èérí kankan nísàlẹ̀. Ó ṣí i, kò dún. Ó bu díẹ̀ sí kọ́ọ̀bù, ó mu ún, ó dákẹ́, ó tún mu.

“Ó jọ ìṣápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lóko,” ó ní. “Bàbá mi ní in lẹ́yìnkùlé ní Tamale.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá.”

“Èló ni ẹ̀rọ náà?”

Mo sọ fún un pé owó ilé ni. Ilé tó ju ọ̀kan lọ, ní Samandin yìí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló wá ní kí èmi nìkan rà á? Ọkà tí à ń lọ̀, ṣé olúkúlùkù ló ní ẹ̀rọ ìlọ̀ nílé? Ẹ gbé e síbì kan. Kí n gbé bissap tèmi wá, kí aládolo gbé tiẹ̀ wá…”

“Dolo kò lè wọ̀ ọ́, Ìyá.”

“Kí aládolo jókòó sílé tiẹ̀ nígbà náà. Kí àwa san owó lítà mélòó tí a bá gbé wá.”

Ọdún mélòó ni mo ti fi ń kọ ìwé nípa ọ̀ràn yìí, n kò ronú kan ẹ̀rọ ìlọ̀ rí. Ó wà ní gbogbo àdúgbò Ouaga. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè bóyá obìnrin tó gbé jéró wá lówó ẹ̀rọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀ lórí ìjókòó: lítà mélòó lóòjọ́, obìnrin mélòó láti Samandin dé Gounghin. Ìyẹ̀fun lè bá ẹni tó lọ̀ ọ́ padà sílé nínú igbá. Bissap kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti dé e, ta ló máa fọ ìgò? Mo ń wá bírò nínú àpò.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Tàǹtí ti da ìyókù ìgò mi sínú igbá ńlá tó wà níwájú rẹ̀, mọ́ ti òwúrọ̀ tó kù nínú rẹ̀. Ó fọ́ yìnyín sí i, ó já ewé menthe lé e, ó fi ọwọ́ rẹ̀ rò ó. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé na 50 fráǹkì sí i. Ó bù ú sínú ọ̀rá kékeré, ó so ẹnu rẹ̀, ó nà án fún ọmọ náà.

“Ti òní dùn o,” ó wí fún un lédè Mooré. Ọmọ náà ti fi eyín já igun ọ̀rá náà, ó ń fà á mu bó ṣe ń lọ.